Ife Alumíníọ̀mù Ọ̀gá Krombach

Ẹ̀yin tí ẹ̀rín máa ń pa bí ọ̀gá tó ga ju àga rẹ̀ lọ bá já bọ́, ẹ sún mọ́bí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ọba nínú, kò sì ní ìjàpá. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń de táì, tó ń mu kọfí nínú ife tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Port Ansel ló ti ṣẹlẹ̀, létí Adágún Míṣígàn, níbi tí mò ń gbé. Ohun tí ojú mi tó nínú rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ojú mi ò tó, mo ṣì mọ̀ ọ́n, torí ìlú wa kéré, ẹnu wa sì tóbi.

Orúkọ ọ̀gá náà ni Thaddeus Krombach, ṣùgbọ́n ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lásán o. Ọkùnrin kan pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlémóoru ni wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ lọ. Bó ṣe yẹ kí ẹ pè é rèé: Olùdarí Àgbà, Dókítà Thaddeus Krombach, Orísun Ìrètí fún Àwọn Aláìsàn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ti ìkẹyìn yẹn kún un, lọ́jọ́ kan tí yìnyín dí gbogbo ọ̀nà pa tí kò sì rí iṣẹ́ kankan ṣe. Tí ẹ bá ń béèrè ohun tó fi di dókítà, ọ̀dà ni. Ó kọ ìwé ńlá lórí ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí afárá dípẹtà. Mi ò fi ọ̀dà ṣe yẹ̀yẹ́ o, afárá wa ò dípẹtà títí dòní. Àmọ́ kì í ṣe afárá ni wọ́n fi í ṣe ọ̀gá lé lórí.

Ilé-Ìwádìí Oògùn Onírin ni wọ́n fi í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí wọ́n máa fi irin ṣe oògùn. Kì í ṣe irin tí wọ́n fi ń rọ àdá o. Plátínọ̀mù ni, irin olówó iyebíye, èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń sọ pé ó ní ọwọ́ mẹ́rin. Wọ́n á gbé ẹrù lé ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Méjì á di ẹrù tirẹ̀ mú ṣinṣin. Méjì yòókù á ju tirẹ̀ sílẹ̀ tó bá ti dé inú jẹjẹrẹ, á wá fi ọwọ́ òfìfo yẹn gbá jẹjẹrẹ lọ́rùn mú. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ò ju kéèyàn mọ irú ẹrù tí yóò gbé lé e lọ́wọ́ lọ. Tó bá tètè jù ú sílẹ̀ jù, kíndìnrín aláìsàn ló máa jìyà rẹ̀. Tó bá sì di í mú jù, jẹjẹrẹ á máa jẹ̀gbádùn lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ní Port Ansel ni Dókítà Annelies Terpstra, obìnrin gíga kan tí kì í pariwo, tí kì í sì í gbàgbé.

Annelies ti ṣe oògùn tuntun kan. Kíá ni Ọ̀gá Krombach sọ ọ́ lórúkọ: Krombákísìn. Annelies ò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tó ká a lára ni ẹni tó máa kọ́kọ́ gbà á, ìyẹn Lorna Tibbits, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé nílùú wa. Jẹjẹrẹ ti mú Lorna nílé ẹyin, àwọn oògùn àtijọ́ ò sì ràn án mọ́. Nígbà tí Annelies wà lọ́mọdé, bọ́ọ̀sì Lorna ló ń gbé e lọ síléèwé, nínú òtútù, nínú yìnyín, láìfi ọjọ́ kan pẹ́. Títí dòní, Àǹtí Lorna ló ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àṣà ilé náà fún yín, torí àṣà yìí ló máa jẹ ọ̀gá níyà. Ní ìpàdé Ọ̀gá Krombach, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé rárá. Ó ní rárá ń ba ọpọlọ jẹ́. Tí wọ́n bá dá àbá, àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń gbà á. Igbákejì rẹ̀, Dwight Pelkey, ló máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á tẹ̀lé e, Ọ̀gá á dìde, á gbé ọwọ́ lé àyà, á tẹríba, á ní, "Ẹ ṣeun, mo gbà á tọkàntọkàn." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Pelkey pàtẹ́wọ́ débi pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa ń sán nígbà òtútù. Ìpara tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa ọmú màlúù ló ń fi pa á.

Àtẹ́wọ́ yìí ti ba nǹkan jẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Oògùn Annelies kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí aṣọ dúdú fi bo gbogbo fèrèsé láàbù rẹ̀. Ọ̀gá Krombach kọjá níbẹ̀, ó ní kí ló dé tí ibẹ̀ ṣókùnkùn bí ilé olókùú.

"Oògùn náà ò fẹ́ oòrùn, ọ̀gá," ni Annelies wí.

"Ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Àwọn àlejò mi fẹ́ rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́."

Pelkey pàtẹ́wọ́. Wọ́n já aṣọ fèrèsé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìgò oògùn àkọ́ṣe ti bàjẹ́ pátápátá, kò ṣeé fún ẹran, áńbọ̀sì èèyàn. Annelies tún òmíràn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí kò ní fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó pe ọ̀gá ní Krombach lásán. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi ṣe ìgò kan ṣoṣo tó mọ́. Ìgò yẹn ni ti Lorna.

Ìgbà tí yìnyín orí adágún yọ́ tán ni Ọ̀gá Krombach pe ìpàdé. Wọ́n fẹ́ ṣí apá tuntun ilé-ìwádìí náà, alága ìgbìmọ̀ alábòójútó sì ń bọ̀. Alága náà ni Bàbá Gerrit Wolbrink. Alumíníọ̀mù ni bàbá yìí fi lówó. Òun ló ń ṣe ọkọ̀ ìpẹja alumíníọ̀mù, tí ẹ bá sì rí mẹ́wàá lórí adágún wa, mẹ́sàn-án jẹ́ tirẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń pọ́n náà ní ẹni tó ń pọ́n.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Ọ̀gá wí, "mo lá àlá kan."

Pelkey pàtẹ́wọ́.

"Mi ò tíì rọ́ ọ, Dwight."

"Lílá tí ẹ lá a ni mo ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún, ọ̀gá. Tí ẹ bá rọ́ ọ tán, ti rírọ́ náà ń bọ̀."

Ọ̀gá rọ́ àlá. Ó ní òun máa rọ ife ńlá kan, alumíníọ̀mù gidi, kí inú Bàbá Wolbrink lè dùn. Wọ́n á gbẹ́ àwòrán ojú òun sí ìdí ife náà nínú. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, òun á da Krombákísìn sínú rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, ẹni tó bá sì wo inú oògùn, ojú Thaddeus Krombach ni yóò rí, tí yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Annelies dìde. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Plátínọ̀mù àti alumíníọ̀mù kì í gbé ilé kan. Àwọn nọ́ọ̀sì gan-an kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ alumíníọ̀mù kan irú oògùn yìí. Alumíníọ̀mù á gba gbogbo ẹrù ọwọ́ rẹ̀, oògùn á di ẹ̀tù dúdú."

"Dókítà Terpstra, ṣé rárá lò ń sọ?"

"Mò ń sọ pé ó máa dúdú, ọ̀gá."

"Dúdú kì í ṣe rárá. Dwight, ó gbà."

"Ìgò kan ṣoṣo ló mọ́ tó èyí tí a lè fún èèyàn. Àǹtí Lorna Tibbits ló ni ín. Ẹ jẹ́ ká da omi sínú ife yín."

Ojú Ọ̀gá le. "Kí n fi omi lásán tan Bàbá Wolbrink jẹ? Èmi? Gbogbo ìgò ni kí o gbé wá, kí ife lè kún. Tí kò bá kún, ojú mi ò ní hàn dáadáa. Bí o kò bá gbé e wá, Dwight á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ."

Pelkey tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín plátínọ̀mù àti ìdérí ìkòkò pàtẹ́wọ́ fún ìgbéga ara rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ọ̀gá tẹríba, ó gbà á tọkàntọkàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Annelies lọ sílé Lorna. Lorna wọ fìlà onírun nínú ilé torí orí rẹ̀ ti pá, ó ń gé páì ṣẹ́rì.

"Jókòó, ọmọ yìí. Ojú ẹ rí bíi ti ọmọ tó gbàgbé báàgì sínú bọ́ọ̀sì mi. Kí ló ṣe ẹ́?"

Annelies sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ife, ó sọ ti ojú tó wà ní ìdí ife. Lorna rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikọ́. Nígbà tó dákẹ́, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Tí wọ́n bá dà á nù, ìgbà wo lo tún máa ṣe òmíràn tán?"

"Ó lè di ìgbà òtútù, Àǹtí."

"Mi ò ní sí níbẹ̀ nígbà òtútù." Bó ṣe ń sọ ọ́, ó kàn ń wo páì náà. "Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé mi ò bẹ̀rù ikú. Irọ́ ni. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gan-an. Ọmọ ọmọ mi máa bẹ̀rẹ̀ iléèwé lóṣù kẹsàn-án. Bọ́ọ̀sì mi ni mo fẹ́ fi gbé e lọ, ọjọ́ kìíní yẹn nìkan, kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

 Omi lé sójú Annelies.

"Má sunkún sórí páì mi. Wò ó, tí ọmọ tó lágbára bá fẹ́ gba oúnjẹ ọmọ kékeré nínú bọ́ọ̀sì mi, ṣé mo máa ń pàtẹ́wọ́ fún un?"

"Ẹ máa ń páàkì ni. Ẹ kì í wà á lọ títí yóò fi dá a padà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Lọ páàkì."

Láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, Annelies wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Ọ̀gá ti fi sáńpépà ha inú ife títí ó fi ń dán yanran, ó wá dúró níwájú dígí, ó ń kọ́ bí yóò ṣe tẹríba. Annelies sọ fún un, ní ohùn tó já gaara, ohun tó wà nínú ìgò náà gan-an. Ohun tó sọ, ẹ fi í lé mi lọ́wọ́, màá sọ ọ́ fún yín nígbà tó bá yẹ. Ọ̀gá ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Dáadáa, dáadáa. Sọ fún Dwight." Annelies yíjú sí Pelkey lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ fún un bó ṣe sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Pelkey pàtẹ́wọ́.

Gbọ̀ngàn kún. Ẹja adágún díndín wà lórí tábìlì, kọfí ń ru. Bàbá Wolbrink jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, Lorna sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀, torí Ọ̀gá ti ní kí wọ́n mú aláìsàn kan wá kí àwòrán lè dára. Wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́ òkè ife náà, kí ojú Krombach tó wà ní ìdí rẹ̀ lè hàn gàdàgbà lára ògiri lẹ́yìn ibi tó dúró sí. Ọ̀gá da ìgò náà tán pátá sínú ife. Lára ògiri, Krombach ńlá rẹ́rìn-ín músẹ́ lábẹ́ omi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá yíjú sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ká ní ó sọ̀rọ̀ ṣókí ni, kó sọ pé ẹ káàbọ̀, ẹ jẹ ẹja, ì bá yọ, torí alumíníọ̀mù kì í kánjú. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n Krombach ò dúró ti agbọ̀n rí.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi," ló wí, "gbogbo agogo ìlú wa ló dún." Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n bí i. "Láti kékeré ni irin ti mọ ohùn mi. Mo wo afárá, afárá wò mí. Plátínọ̀mù ti wà láyé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò rí iṣẹ́ gidi ṣe, àfi ìgbà tó bá mi pàdé."

Lára ògiri, omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́wẹ́. Ibi tí wọ́n gbẹ́ jinlẹ̀ jù ló kọ́kọ́ mú, irùngbọ̀n Ọ̀gá. Ó dúdú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín músẹ́ náà dúdú, bí ẹni tó lá èédú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́. Ọ̀gá rò pé òun ni wọ́n ń nawọ́ sí. Orí rẹ̀ wú, ó fi ti ìyá-ìyá rẹ̀ kún ọ̀rọ̀. Imú lọ. Ojú ọ̀tún lọ. Nígbà tó fi dé ibi tó ti ń ṣàlàyé bí òun ṣe borí àwọn ọ̀tá òun ní ẹ̀ka ọ̀dà, àwòrán ara ògiri ti dà bí ìdí ìkòkò ẹni tó ń fi igi dáná, ìfófòó sì ti ń yọ létí ife.

Ọ̀gá yíjú. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ògiri.

"Ẹ rí i!" ló wí. "Agbára rẹ̀ ló ń yọ jáde yẹn!"

Pelkey pàtẹ́wọ́. Àwọn kan tẹ̀lé e, torí àtẹ́wọ́ máa ń ran èèyàn. Àárín rẹ̀ ni Lorna dìde, ó yọ fìlà rẹ̀ lórí, ó sì bi wọ́n ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Ṣé oògùn mi nìyẹn?"

Àtẹ́wọ́ kú. Ẹ ò rí i, gbogbo ilé pátá ló ń wo orí obìnrin yẹn.

Bàbá Wolbrink fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Dókítà Terpstra, kí ló ṣe é?"

"Alumíníọ̀mù ni, Bàbá. Ó gba ẹrù ọwọ́ plátínọ̀mù. Ohun tó kù níbẹ̀ yẹn, eruku irin ni. Mo ti sọ ọ́ nípàdé."

Ìbẹ̀rù mú Krombach. Ẹni tí ìbẹ̀rù bá mú á di ohun tó bá sún mọ́ ọn mú, ife ló sì sún mọ́ ọn jù. "Ṣé ẹ gbọ́? Ife ló fà á! Alumíníọ̀mù! Irin yẹpẹrẹ, irin tí wọ́n fi ń ṣe agolo bíà! Ta ló gbé irú irin játijàti yìí síwájú mi?"

"Ìwọ ni," ni Bàbá Wolbrink wí.

Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní, "Irin yẹpẹrẹ yẹn gbé èmi àti bàbá mi la ìjì kọjá lórí adágún yìí, nígbà tí ọkọ̀ onígi àwọn ẹlẹgbẹ́ wa rì. Alumíníọ̀mù ò ṣe nǹkan kan. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni kò yẹ ẹ́." Ó wá wo Krombach látòkè délẹ̀. "Irú rẹ̀ pọ̀ nílé yìí."

Annelies ti dé ọ̀dọ̀ Lorna, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àǹtí, ẹ jókòó. Kì í ṣe tiyín ló wà nínú ife. Èyí tí oòrùn bàjẹ́ ni, ti ìgbà tí wọ́n já aṣọ fèrèsé mi. Tiyín wà nínú fíríìjì nísàlẹ̀, mo sì ti tì í."

Lorna jókòó. Ẹ̀rín ti fẹ́ máa gbé e. "O páàkì lóòótọ́," ló wí.

"O tàn mí jẹ!" Krombach figbe ta. "Níwájú àlejò!"

"Mo sọ fún yín láàárọ̀ yìí, ọ̀gá. Mo ní, èyí tó bàjẹ́ ni mo gbé wá, èyí tó mọ́ ò ní jáde nínú fíríìjì, tí ẹ bá fẹ́ ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ ń tẹríba fún dígí. Ẹ ní kí n sọ fún Dwight."

Gbogbo ojú yí sí Pelkey.

"Ó sọ fún mi," ni Pelkey wí, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mo pàtẹ́wọ́."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ìgbìmọ̀ alábòójútó jókòó. Krombach ti múra sílẹ̀ fún wọn, ó ti to àlàyé jọ tó kún páálí. Ó rò pé ìjà ni. Bàbá Wolbrink kàn dìde, ó ní àṣà ilé ni wọn yóò tẹ̀lé, kò sí àríyànjiyàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ àbá rẹ̀ báyìí:

"Mo dá a lábàá pé kí Olùdarí Àgbà, Dókítà Thaddeus Krombach, Orísun Ìrètí fún Àwọn Aláìsàn..."

Ibí yìí ni inú Krombach ti dùn. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní kíkún báyẹn, ṣé ibi ló máa rò? Ó dijú, ó ń jẹ adùn rẹ̀ lẹ́nu. Ìyókù ọ̀rọ̀ ò wọ etí rẹ̀ mọ́. Ìyókù náà ni pé, "...fi ipò sílẹ̀ lónìí, kó sì kó ẹrù rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀."

Pelkey pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ tàbí kò gbọ́ ọ, òun gan-an ò mọ̀. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ tó ti ọkàn wá, irú èyí tí ilé yẹn ò gbọ́ rí. Ọkùnrin ìsàlẹ̀ ilé sáré gòkè wá pa tirẹ̀. Ọ̀gá Krombach dìde, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹríba débi tí táì rẹ̀ fi kan tábìlì.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Mo gbà á tọkàntọkàn."

"Ó ti gbà," ni Bàbá Wolbrink wí, ó sì jókòó.

Mo gbọ́ pé ó ti padà sídìí ọ̀dà afárá. Ó dára bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló mọ̀, afárá ò sì ní pọ́n ọn. Ife náà wà lọ́wọ́ Bàbá Wolbrink. Inú ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ ló wà, òun ló fi ń gbọ́n omi, ó sì ní òun ò rí èyí tó gbọ́n omi dáadáa tó o rí.

Lọ́jọ́ tí Lorna máa kọ́kọ́ gba oògùn rẹ̀, Annelies fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò náà láti ìsàlẹ̀ wá sí ọsibítù, ó fi bébà wé e kí oòrùn má rí i. Nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ irin tó mọ́ wọ ẹ̀yìn ọwọ́ Lorna, ó so àpò oògùn kọ́. Wọ́n jọ ń wo bó ṣe ń kán, ẹ̀kán kan tẹ̀lé èkejì. Ó mọ́ gaara, kò dúdú.  Ẹnikẹ́ni ò lè sọ bóyá yóò bá jẹjẹrẹ náà ja àjàṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ara rẹ̀ báyìí, ó ti ń wá a lọ, oṣù kẹsàn-án ò sì jìnnà mọ́.

Lorna yíjú sí Annelies. "Dókítà mi," ló wí, "ṣé ká pàtẹ́wọ́?"

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ o, Àǹtí. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ yín."